Ọlọ Iyọ̀ Tí Kò Lọ Iyọ̀ Mọ́

Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní Ara àti ní gbogbo agbègbè Ẹ̀jìgbò, tí ọ̀rinrin gba ara ògiri, tí aṣọ tí a sá láti òwúrọ̀ kò gbẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà náà ni ẹjọ́ ọlọ iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ilé ìdáná àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gbé ní òkèèrè. Ọlọ kékeré aláfọwọ́yí náà, tí ó ti ń da iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú sórí ẹ̀wà àti ẹyin díndín láti ìgbà ọyẹ́ wá, a wá di ohun tí a ń yí títí tí apá ń roni, tí kò sì sọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí a bá sì fi agídí yí i, a dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, a sì há pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ àwọn; wọn a gbé ọlọ náà sórí pẹpẹ, eruku a sì fi í ṣe ilé. Ìdájọ́ tí kò tọ́ nìyẹn, ó sì dùn mí láti máa rí ohun èlò tí ó gbámúṣé tí a ń sọ nù nítorí àìsàn tí kò tó àìsàn. Ọlọ fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tí a bù sí i nínú, bí a ti dè é sí, àti ibi tí a gbé e kalẹ̀ sí, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ ti lè mọ iṣẹ́ tó, tí odó sì lè dára tó, ohun tí a kó sínú odó ni yóò sọ bí iyán yóò ti rí.

Ará Ara kò ṣe àjèjì sí ohun tí à ń gún tàbí ohun tí à ń lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú náà wà, òun àti Ẹ̀jìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Másífà àti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Òrìṣà Ògìyán ni ó ni Ẹ̀jìgbò, òun ni ọba ìlú náà sì ń jẹ́ orúkọ mọ́: òrìṣà aláṣọ funfun, òrìṣà tí iyán jẹ́ ààyò oúnjẹ rẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ la òkun já dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú ṣì ti ń bọ ọ́ títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní Oxaguiã, tí wọ́n sì fi ọmọ odó ṣe àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà bíbọ àwọn òrìṣà funfun mọ̀ pé àtẹ́ ni oúnjẹ wọn, a kì í fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ènìyàn kò ṣe é fi àtẹ́ jẹ, nítorí náà ni iyọ̀ fi ń bá oyin àti ataare jókòó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí a ń fi í kan ọmọ tuntun lẹ́nu, tí a sì ń ṣe é ládùúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn.

Báwo wá ni ọlọ iyọ̀ ti òyìnbó ṣe dé irú ìlú yìí? Ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ni ó bá wọlé. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé kò fi ṣe àjèjì ní ọjà Ẹ̀jìgbò. Ọ̀nà ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ gba Kútọnu àti Lomé kọjá, ó sì gba agbègbè Kétà àti Ada ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń fa omi ọ̀sà gbẹ, tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń kó iyọ̀ oníhóró jọ ní òkìtì òkìtì. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́ ní etí òkun lọ́hùn-ún lára, òun ni wọ́n sì ń dì mọ́ ẹrù nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọjá sí London àti Amẹ́ríkà ní tiwọn ni wọ́n ń fi ọlọ ránṣẹ́. Báyìí ni iyọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn àti ọlọ láti òkè òkun ṣe wá pàdé nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo ní Ara, tí wọn kò sì gbọ́ ara wọn yé.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ń ṣe ọlọ, ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun èlò tí ń lọ nǹkan kúnná, láti orí ọlọ òkúta tí àwọn ìyá wa ń kúnlẹ̀ tì, títí dé orí ẹ̀rọ ìlọta tí ń pariwo lẹ́bàá ọjà, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé: ojú méjì ni yóò kọjú sí ara wọn, ọ̀kan yóò dúró gbọn-in, èkejì yóò máa rìn lórí rẹ̀, ohun tí a fẹ́ lọ yóò sì bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Lórí ọlọ òkúta, ọlọ ni ó dúró, ọmọ ọlọ ni ó ń rìn. Nínú ẹ̀rọ ìlọta, àwo irin méjì ni, ọ̀kan tí a dè mọ́ ara ẹ̀rọ, èkejì tí ń bá ọ̀pá yí. Nínú ọlọ iyọ̀, òrùka eléyín kan ni ó wà ní ìdí ọlọ, tí irin tàbí amọ̀ sísun ṣóńṣó kan tí òun náà ní eyín sì ń yí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ó wà lórí ni ó ń fà á mọ́ra: bí a bá dè é, ojú méjèèjì a súnmọ́ ara wọn, iyọ̀ a kúnná; bí a bá tú u, wọn a jìnnà síra, iyọ̀ a sì máa jáde ní wóróbo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ àìsàn ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ti àwọn yòókù tán, nítorí àrùn tí ó ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tí ó sì ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọkọ̀ akérò tí ó gbòde kan nígbà kan rí, ọlọ ni wọ́n ti ń ṣe kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó délẹ̀ rárá. Ní ọdún 1840 ni wọ́n gbé ọlọ kọfí jáde, tí ọlọ ata sì tẹ̀lé e ní 1874. Irin líle ni eyín irú ọlọ ata bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ata gbígbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bu iyọ̀ sínú ọlọ ata eléyín irin ti fa ọ̀tá wọlé fún un, nítorí iyọ̀ àti irin kì í gbé pọ̀ kí ìpẹtà má wọlé dé. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń fi amọ̀ tí a sun nínú iná gbígbóná ṣe eyín ọlọ iyọ̀. Bí ẹ bá rí ọlọ méjì tí ó jọ ara wọn bí ìbejì, ẹ yí wọn dojú kọ oòrùn, kí ẹ wo ìdí wọn: èyí tí eyín rẹ̀ funfun, tí kò dán bí irin, òun ni ti iyọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí olórí ẹlẹ́ṣẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rinrin. Iyọ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i. Ògidì iyọ̀ lè mú un mọ́ra títí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò fi dé ìwọ̀n 75 nínú 100. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, iyọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, a rọ̀, ara rẹ̀ a sì máa yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ tí a kó láti inú ọ̀sà tàbí òkun kì í ṣe ògidì, nítorí ohun mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní magnesium chloride a máa bá a rìn, òun a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti nǹkan bí ìwọ̀n 33. Ní ilẹ̀ wa, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ọ̀rinrin òru àti ti ìdájí kì í sọ̀kalẹ̀ sí ìwọ̀n 75 yẹn. Iyọ̀ tí a bá kó sínú ọlọ ní oṣù kejì ọdún, tí ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí a bá mì í, yóò ti di omi díẹ̀díẹ̀ ní ojú rẹ̀ kí oṣù keje tó parí; ní ọ̀sán tí oòrùn bá yọ, omi náà a gbẹ, iyọ̀ a sì so àwọn hóró pọ̀ mọ́ ara wọn. Rírọ̀ lóru, gbígbẹ lọ́sàn-án, ìgbà tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ní àṣetúnṣe, iyọ̀ inú ọlọ ti di òkúta kan ṣoṣo, eyín ọlọ kò sì rí nǹkan gbámú.

Ìyá àgbà kan ní Ara gbé tirẹ̀ wá síwájú mi ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó, mo rò pé ó ti kú ni.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí á là á wò ná, màmá.” Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. A tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, a yọ ìdérí, a sì da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí abọ́ funfun: ìdajì rẹ̀ jáde ní hóró hóró, ìdajì yòókù lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó dì gbagidi. Nígbà tí a yí ìdí ọlọ sókè, a rí èépá funfun tí ó ti kún àlàfo eyín láti orí dé ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ojú ihò kan tí iyọ̀ lè gbà kọjá. Màmá ti rò pé eyín ni ó jẹ. Eyín pé, kò sí èyí tí ó kán, iyọ̀ ni ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni a fi gbọ̀n ọ́n, a fi igi ìtayín gbẹ́ ohun tí ó kù sínú àlàfo, a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sójú oòrùn lórí páànù, lẹ́yìn náà ni a bu ìrẹsì tí a kò sè, tí ó gbẹ dáadáa, bí ẹ̀kúnwọ́ kan, sínú rẹ̀ tí a sì yí i títí ó fi tán. Ìrẹsì tí ó lọ náà gbá ìyókù iyọ̀ jáde. Nígbà tí a bu iyọ̀ gbígbẹ sí i, màmá fúnra rẹ̀ ni ó yí i, iyọ̀ sì tú jáde lẹ́búlẹ́bú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi omi kàn án rárá. Omi ni àìsàn rẹ̀. A kì í fi àìsàn wo àìsàn.

Bí ọ̀rinrin kò bá jẹ̀bi, nọ́ọ̀tì orí ọlọ ni kí a bi léèrè. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé bí ọlọ bá ti há, ènìyàn a túbọ̀ máa dè é, ní ìrètí pé agbára ni ó kù. Òdìkejì ni ó tọ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, kí ẹ yí ọlọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí hóró tí ó há lè bọ́; lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa dè é ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúnná bí ẹ ti fẹ́. Bí wóróbo nìkan bá ń jáde, ó ti tú jù. Bí ọlọ bá sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ìdènà kankan, tí kò sì lọ nǹkan kan, ẹ wo ọ̀pá àárín rẹ̀: onígun mẹ́rin ni orí ọ̀pá náà sábà máa ń jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ihò onígun mẹ́rin, bí igun wọ̀nyí bá ti jẹ tán, tí orí ọ̀pá ti di róbótó, ọwọ́ ń yí, ṣùgbọ́n eyín kò yí. Irú èyí nìkan ni mo lè pè ní ọlọ tí ó kú lóòótọ́.

Ìwọ̀n hóró náà ṣe pàtàkì. Hóró tí ó bá tóbi ju ẹnu eyín lọ yóò kàn máa yí kiri lókè ni, kò ní wọlé. Ẹ fi ọmọ odó kékeré fọ́ irú rẹ̀ sí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó bù ú sí i. Iyọ̀ tí ó sì ti kúnná láti ilé iṣẹ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ NASCON, tí a dá sílẹ̀ ní 1973 ní Ìjòkó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń ṣe, kò ní ohunkóhun ṣe nínú ọlọ. Yóò kàn dì pọ̀ sí àlàfo eyín ni. Bákan náà, ẹ má ṣe máa yí ọlọ lórí ìkòkò tí ń hó. Ooru ọbẹ̀ ń gòkè, ó sì ń wọ ìdí ọlọ lọ tààrà. Orí àwo gbígbẹ ni kí ẹ lọ iyọ̀ sí, kí ẹ tó bù ú sí ọbẹ̀.

Mo ti mẹ́nu kan ẹ̀rọ ìlọta, kò sì yẹ kí n kọjá rẹ̀ ní wàrà wàrà, nítorí iye ènìyàn tí ó ń jẹun láti inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọlọ iyọ̀ lọ lọ́nà tí kò ṣe é fi wéra. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ẹ́ńjìnnì Lister tí a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti òpin ìlú, tí ilé iṣẹ́ tí R. A. Lister dá sílẹ̀ ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1867 ń ṣe. Ọ̀pọ̀ abúlé ni kò mọ iná mànàmáná ṣùgbọ́n tí ó mọ Lister. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ a máa fi etí gbọ́ àìsàn rẹ̀ kí ojú tó rí i. Bí bẹ́líìtì bá tú, yóò máa yọ̀ lára ìyípo, yóò máa han, òórùn rọ́bà jíjó yóò sì jáde. Ẹ̀rọ yóò ní agbára ṣùgbọ́n agbára náà kò ní dé ibi àwo. Bí ọ̀pá abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, tí ó lọ́ mọ́ra yípo yípo, tí ń ti oúnjẹ síwájú, bá ti jẹ, ẹnu ẹ̀rọ yóò kún fọ́fọ́ síbẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa jáde. Bí a bá sì rí hóró ata tí kò fọ́ nínú ata tí a lọ, tàbí tí èèpo àgbàdo inú ògì gùn tí ó sì le, àwo ni ó ti dán. Ọ̀pọ̀ oníẹ̀rọ a máa fi dídè wo irú àìsàn yìí. Wọn a dè é, wọn a tún un dè, títí irin yóò fi máa ha irin, tí ata yóò sì gbóná kí ó tó dé inú agbada.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìlera wa nìyí. Irin tí ó ń ha irin kò lọ sí ibòmíràn, inú ata ni ó ń lọ. Àwọn olùwádìí ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ti yẹ oúnjẹ tí a fi irú ẹ̀rọ yìí lọ wò, wọ́n sì rí irin nínú rẹ̀ ju èyí tí ó wà níbẹ̀ kí a tó lọ ọ́. Nítorí náà, àwo tí ó bá ti dán, pípààrọ̀ ni í gbà, kì í gba dídè. Bí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àwo, àgbàdo tí a kò ní jẹ ni kí a kọ́kọ́ fi lọ, kí a dà á nù, kí ata ẹni àkọ́kọ́ má bàa jẹ́ òun ni yóò fọ àwo náà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbé ata lọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àwo. Ìbéèrè kì í ṣe ìjà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ará Ara bá mi dáwọ́ rẹ̀ dúró: ẹ má ṣe gbé iyọ̀ oníhóró lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Iyọ̀ yóò lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ìyókù rẹ̀ yóò sùn sára àwo, omi ata ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò rin ín, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà gan-an. Ògún lákáayé ni ó ni irin, síbẹ̀ iyọ̀ àti omi, bí wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọn a jẹ irin Ògún tán.

Ọlọ òkúta kò ní irú wàhálà yìí. Iyọ̀ tútù, iyọ̀ gbígbẹ, iyọ̀ tí ó dì bí òkúta, gbogbo rẹ̀ ni ó ń lọ, ó ṣe é fi omi fọ̀, kì í sì í pẹtà. Kìkì ohun tí ó ń fẹ́ ni pé bí ojú rẹ̀ bá ti dán nítorí ìlò ọjọ́ pípẹ́, kí a fi irin tàbí òkúta líle ṣán an wẹ́wẹ́ kí ó lè tún ní eyín, kí a sì fọ̀ ọ́ dáadáa kí a tó lò ó. Ní tèmi, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi lọ, ọlọ òkúta ni ó yẹ fún iyọ̀ oníhóró nílé wa. Kí a da iyọ̀ inú ọlọ aláfọwọ́yí jáde, kí a tọ́jú ọlọ náà sínú ọ̀rá tàbí ìgò tí ó dé pinpin, kí a sì gbé e jáde nígbà tí ọyẹ́ bá dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ju ti ọlọ lọ. Láti 1993 ni a ti ń fi áyódíìnì sí iyọ̀ tí a ń tà ní Nàìjíríà, nítorí gẹ̀gẹ̀ àti nítorí ọpọlọ àwọn ọmọ tí ó wà nínú oyún. Púpọ̀ nínú iyọ̀ oníhóró tí a kó láti etí òkun, àti púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọlọ ní òkè òkun, ni kò ní áyódíìnì kankan nínú, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkèèrè, bí ẹ bá ń fi ọlọ iyọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Ara, ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun, ẹ fi ìgò onídérí líle tì í, kí ẹ sì ka ara àpò iyọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọn kò bá kọ áyódíìnì sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.